Ojú Ìwé Àkọ́kọ́ Tí N Kò Rí Kọ

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìbéèrè kan fi ń jẹ mí lọ́kàn. Ìbéèrè náà kò gùn, kò sì jọ ohun tó le lójú ẹni tó bá kọ́kọ́ kà á: "Nígbà tí ara mi bá yá, irú ènìyàn wo ni mo jẹ́?" Ó wà ní òkè ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ètò ìlera tí mo ń kọ fún ara mi, lẹ́yìn tí mo bọ́ lọ́wọ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó dá mi dùbúlẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún kan. Àwọn ojú ìwé yòókù kò dà mí láàmú. Mo kọ àwọn ohun tó máa ń ru àìsàn náà sókè, mo kọ orúkọ oògùn mi àti ìwọ̀n tí mo ń lò, mo kọ orúkọ àwọn tí wọn yóò pè bí nǹkan bá dojú rú. Ọ̀rọ̀ ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń ka ohun tó ti há sórí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́, bírò á dúró.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ nǹkan síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo fi bírò pa á rẹ́. Nígbà kẹta, mo tẹ bírò náà débi pé ìwé lu, tí yíǹkì sì kán sí ojú ìwé tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo jókòó, mo ń wo ihò kékeré yẹn, mo sì ń bi ara mi léèrè ìdí tí n kò fi rí gbólóhùn kan sọ nípa ara mi tí kò ní àìsàn nínú.

Ìlà mẹ́rin

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo pinnu pé dandan ni kí n parí rẹ̀. Mo kọ ìlà mẹ́rin. Mo kọ ọ́ pé nígbà tí ara mi bá yá, mo máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́. Pé n kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Pé ohun tí wọ́n bá ní kí n ṣe ni mo máa ń ṣe. Pé mo máa ń tètè lọ sùn. Mo wò ó, ó dára lójú mi, ó jọ ohun tí ẹni tó lera yóò kọ. Àbúrò mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ń ká aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Òun ló dúró tì mí ní gbogbo àkókò àìsàn yẹn, nítorí náà mo ní kó gbọ́ ohun tí mo kọ, mo sì kà á sókè.

Kò fèsì lójú ẹsẹ̀. Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó gbé e lé orí àwọn yòókù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ títí ó fi gún régé, ó wá gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹni tí ẹ kọ sílẹ̀ yìí, ẹ̀yin nígbà tí ẹ ń ṣàìsàn ni."

Mo ní, "Kí ló dé tí o fi sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó ní, "Nígbà tí ara yín bá yá, ta ló lè sọ̀rọ̀ kí ẹ má jà á níyàn? Ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò pàápàá, ẹ máa ń dá a lóhùn. Bí ẹ bá ń sọ ìtàn, ẹ ó ti máa rẹ́rìn-ín kí ẹ tó débi tí ẹ̀rín wà. Lọ́dún tó kọjá, oṣù mélòó ni ẹ fi wà tí ẹ kò bá mi jiyàn? Èmi mọ̀ ọ́n, nítorí pé mò ń kà á." Ó sinmi díẹ̀, ó tún mú aṣọ mìíràn. "Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yín ló máa ń bà mí lẹ́rù jù."

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé kí n jà á níyàn. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé ó ti pẹ́ gan-an tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti wù mí ṣe kẹ́yìn. N kò sọ ọ̀kankan nínú méjèèjì jáde. Mo ya ojú ìwé náà kúrò, mo ká a sí mẹ́rin, mo sì fi í pa mọ́ nítorí pé n kò fẹ́ sọ ọ́ nù. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò ó pé ẹni tó kọ ìlà mẹ́rin wọ̀nyẹn kò purọ́. Ohun tí gbogbo ènìyàn ti ń yìn ín fún láti bí ọdún kan ló kọ.

Ìwé tí a kò lè bá ẹlòmíràn kọ

Ètò tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ohun tí dókítà kọ fún aláìsàn. Mary Ellen Copeland, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tí òun fúnra rẹ̀ ti fojú winá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìgbà tí ọkàn ń ga ju bó ti yẹ lọ, béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ nígbà kan pé báwo ni àwọn tó ní irú àìsàn òun ṣe ń gbé ìgbésí ayé wọn láti ọjọ́ dé ọjọ́. Dókítà náà wá ìdáhùn títí, kò rí ohun gbòógì mú wá. Ohun tó wà nílẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ oògùn àti ilé ìwòsàn lọ. Copeland wá gbé ìbéèrè náà tọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lọ, ó sì kó ìdáhùn ènìyàn 125 jọ. Ó ní ìdí tó fi gbà pé ìdáhùn wà níbì kan: ìyá rẹ̀ lo ọdún 8 nílé ìwòsàn àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ, ara ìyá náà sì yá, ó padà sílé.

Ní ọdún 1997, ní ìpínlẹ̀ Vermont, òun àti àwùjọ àwọn tí wọ́n ti la irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọjá jókòó pọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sì ṣe ètò tí a mọ̀ sí WRAP lónìí (Wellness Recovery Action Plan, ìyẹn ètò ìgbésẹ̀ fún ìlera àti ìpadàbọ̀sípò). Kò le láti ṣàlàyé. Ẹni náà á kọ́kọ́ kó àwọn ohun tó máa ń mú ara rẹ̀ fúyẹ́ jọ. Á kọ irú ẹni tó jẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ yá, àti ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe lójoojúmọ́ kí ó lè máa rí bẹ́ẹ̀. Á kọ ohun tó lè dé láti ìta tí yóò dà á rú, á kọ àwọn àmì kéékèèké tó máa ń yọjú láti inú rẹ̀ wá, á kọ bó ṣe máa ń rí nígbà tó bá kù díẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ dàrú. Lẹ́yìn náà ló máa kọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn yóò ṣe fún un nígbà tí kò bá lè ṣe é fún ara rẹ̀ mọ́, àti bí yóò ṣe máa gbé e díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ìjì bá ti lọ.

Òfin kan ló wà lórí gbogbo rẹ̀: ẹni tó ni ín ló máa kọ ọ́. Dókítà kò gbọdọ̀ fi dandan mú un, ẹbí kò sì gbọdọ̀ bá a kọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ àìsàn ọpọlọ, orí tí a ti fá lẹ́yìn olórí kò lóǹkà. Wọ́n máa ń pàdé lórí ẹni, wọ́n máa ń pinnu, wọ́n á wá sọ ìpinnu fún un bí ẹni ń sọ ojú ọjọ́.

Kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán. Ní ìpínlẹ̀ Ohio, Judith Cook àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan pẹ̀lú ènìyàn 519 tí wọ́n ní àìsàn ọpọlọ tó le. Wọ́n fi ìbò pín wọn sí ọ̀nà méjì: àwọn kan kọ́ ètò yìí fún ọ̀sẹ̀ 8 lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ní irú ìrírí kan náà, àwọn yòókù ń gba ìtọ́jú tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń dúró de ìgbà tiwọn. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2012, àmì àìsàn dínkù lára àwọn tó kọ́ ètò náà ju ti àwọn yòókù lọ, ìrètí wọn sì pọ̀ sí i. Kò sí ẹni tó sọ pé kí wọ́n pa oògùn tì. Èmi náà ń lo tèmi títí di òní, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ pé bírò àti ìwé tó dípò dókítà.

Sísàn àti yíyá

Ọ̀rọ̀ tí àbúrò mi sọ gbé mi padà sínú èdè tí mò ń sọ láti kékeré. A máa ń sọ pé àìsàn sàn, a sì máa ń sọ pé ara yá. Mo ti máa ń lo méjèèjì bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá ní àìsàn sàn, ohun tí à ń sọ ni pé ìnira rọlẹ̀, pé ó dẹwọ́. Bí a bá ní ara yá, a ti kọjá ibẹ̀. Ọwọ́ tó yá ni ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kíá. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ yá ni ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ara tó yá gágá ni ara tó ti múra tán láti ṣe nǹkan. Ohun tó fò mí ru gan-an nìyẹn. Àìsàn mi ti sàn, gbogbo wa sì jókòó tì í, à ń dúpẹ́, kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ara mi ti yá.

N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹni tó bá ti rí aláìsàn tí kò jẹun, tí kò sùn, tó ń sunkún láìdúró, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ á jọ ìwòsàn lójú rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ rí dókítà, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ni pé ṣé mo ń sùn, ṣé mo ń jẹun, ṣé mo ń lo oògùn mi, ṣé èrò àti pa ara mi ṣì ń wá. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni wọ́n, àwọn kan nínú wọn ló sì gbà mí là. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó béèrè bóyá mo ti rẹ́rìn-ín, tàbí bóyá mo ti bá ẹnì kan ṣàríyànjiyàn nípa ohunkóhun. Mo wá kọ́ bí a ṣe ń jẹ́ aláìsàn tó rọrùn fún gbogbo ènìyàn, mo sì ń pe ìyẹn ní ìlera.

Wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ẹ̀rù òwe yìí bà mí fún ọjọ́ púpọ̀. Mo rò ó pé bóyá mo ti pẹ́ jù nínú àìsàn, pé ẹni tí àbúrò mi ń rántí ti lọ, pé ẹni tó dákẹ́ yìí ló kù. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀ ni ìtàn mìíràn láti Vermont kan náà. Courtenay Harding àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa àwọn ènìyàn 269 tí wọ́n ti wà nílé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ ti ìpínlẹ̀ náà rí, ní ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n rò pé kò ní ìrètí sí. Ọdún 32 ló ti kọjá ní ìpíndọ́gba kí wọ́n tó lọ wò wọ́n. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1987 ni pé láti ìdajì wọn dé ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ara wọn ti le sí i gan-an tàbí tó ti yá. Ewé náà pẹ́ lára ọṣẹ lóòótọ́, àìmọye nínú rẹ̀ ni kò sì di ọṣẹ.

William Anthony, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó jà jù fún èrò pé ara irú àwọn bẹ́ẹ̀ lè yá, kọ ọ́ ní ọdún 1993 pé ènìyàn lè padà bọ̀ sípò, kí ó ní ìgbésí ayé tó nítumọ̀, bí àìsàn náà kò tilẹ̀ tíì lọ tán. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, mo máa ń rò pé wọ́n fẹ́ fi rọ aláìsàn lọ́kàn ni. Ó yé mi báyìí. Bí ara yíyá bá túmọ̀ sí pé kí n ní agbára láti ṣe ohun tí mo máa ń ṣe, n kò ní láti dúró títí àìsàn yóò fi jókòó sọ fún mi pé òun ti lọ. Mo lè bẹ̀rẹ̀ sí í dá rédíò lóhùn lónìí, pẹ̀lú oògùn nínú àpò.

Ohun tó jẹ́ tèmi, ohun tó jẹ́ tìrẹ

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, mo padà sí àwọn ojú ìwé tí mo rò pé mo ti kọ tán, mo sì rí i pé mo ní láti tún wọn kọ. Nínú àwọn àmì àkọ́kọ́, mo ti kọ ẹkún, àìsùn, àti pé n kò fẹ́ rí ènìyàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìgbà tí ìwọ̀nyẹn bá dé, ilẹ̀ ti ṣú. Àmì mi tó tètè ń dé kéré débi pé ojú ń tì mí láti kọ ọ́: fèrèsé. Bí ara mi bá yá, n kì í tíì bọ́jú tí mo ti máa ń ṣí fèrèsé yàrá mi. Nígbà tí nǹkan fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, mo máa ń fi í sílẹ̀ di ọ̀sán, lẹ́yìn náà di ọjọ́ kejì, láìsí ìdí kan pàtó. Ẹkún ń bọ̀ lẹ́yìn ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: bí fèrèsé bá wà ní títì fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, kí n pe dókítà mi, kí n má dúró dìgbà tí n kò ní lè gbé fóònù mọ́.

Mo ní láti ṣọ́ra níbí, nítorí pé ohun tó jẹ́ ìlera lára mi lè jẹ́ àìsàn lára ẹlòmíràn. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ máa ń gbé ọkàn rẹ̀ sókè, tó máa ń sùn wákàtí méjì tí kò sì rẹ̀ ẹ́, tí ọ̀rọ̀ máa ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi, tó ń ná owó tí kò ní, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè rí i pé iyàn jíjà lọ́sàn-án lóru ni àmì tó yẹ kó tètè sá lọ gba ìtọ́jú fún. Nínú ìwé tirẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lè wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́, á sì tọ̀nà. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ìdí tí mo fi kórìíra àwọn ètò àtẹ̀sílẹ̀ tí wọ́n ti kọ ìdáhùn sí tẹ́lẹ̀ nìyí, tí ènìyàn kàn ń fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ "mo ń sinmi dáadáa" àti "mo ń ronú rere". Kò sí ènìyàn kan nínú wọn.

Síbẹ̀, èmi nìkan kọ́ ni mo kọ tèmi. Bí kì í bá ṣe àbúrò mi, ìlà mẹ́rin yẹn ni ǹ bá máa gbé kiri, ǹ bá sì máa fi gbogbo okun mi lé e bá. Ọ̀rọ̀ pé ẹni tó ni ìwé ló máa kọ ọ́ kò túmọ̀ sí pé kó kọ ọ́ nínú òkùnkùn. Àìsàn ọkàn máa ń gba ìrántí lọ́wọ́ ènìyàn, pàápàá ìrántí ìgbà tí inú rẹ̀ dùn. Ó ń béèrè ẹnì kan tó bá ni rántí, tí yóò sì gbà pé bírò ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Àbúrò mi kò kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé mi. Ó kàn sọ ohun tó rí, ó sì padà sídìí aṣọ tó ń ká.

Ìgbà tí wọn yóò dá a padà

Apá tó le jù nínú ètò náà ni èyí tí mo fi fún àwọn ẹlòmíràn láṣẹ láti ṣe ìpinnu fún mi bí n kò bá lè ṣe é. Mo kọ orúkọ ènìyàn mẹ́ta síbẹ̀, àbúrò mi ló sì ṣíwájú. Mo kọ àmì tí wọn yóò rí tí wọn yóò fi mọ̀ pé ó ti tó àkókò. Mo kọ oògùn tí ara mi gbà àti èyí tí kò gbà. Mo kọ ẹni tí n kò fẹ́ kó wá bẹ̀ mí wò, kí ó má bàa di ìjà. Mo kọ ọ́ pé bí mo bá sọ̀rọ̀ nípa ikú, kí wọ́n má fi mí sílẹ̀ ní èmi nìkan, kí wọ́n sì wá ìrànlọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, bí mo tilẹ̀ ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìlà kan wà ní ìparí apá yẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò: báwo ni àwọn alátìlẹ́yìn yóò ṣe mọ̀ pé wọ́n lè dáwọ́ dúró, kí wọ́n dá ìpinnu padà fún ẹni tó ni ín? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, ǹ bá kọ "nígbà tí mo bá ti balẹ̀". Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi ni wọn ì bá máa dúró dè, bí mo bá sì dákẹ́ tán, wọn ì bá ní mo ti gbádùn, kí wọ́n sì máa lọ, láìmọ̀ pé ìgbà yẹn gan-an ni mo nílò wọn jù. Ohun tí mo kọ ni pé: "Nígbà tí mo bá ti bá yín jiyàn lórí ohun kékeré fún ọjọ́ mẹ́ta, tí mo sì ti rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan nínú rẹ̀, ẹ dá ọ̀rọ̀ mi padà fún mi."

Mo gbé e fún àbúrò mi kó kà á kó tó fọwọ́ sí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun á fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n pé ọjọ́ mẹ́ta ti pọ̀ jù, pé òun kò rí i kí n ṣe ọjọ́ mẹ́ta rí kí n tó rẹ́rìn-ín. Mo ní ọjọ́ mẹ́ta gan-an ló yẹ. Ó ní ọjọ́ méjì. Mo ní kí ló mọ̀ nípa rẹ̀. Ó fi ìwé náà sílẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó ní òun ni òun ń ka oṣù nígbà yẹn, òun kọ́ ni yóò wá gbàgbé ọjọ́. Ilẹ̀ ti ṣú dáadáa kí a tó rántí pé kò tíì fọwọ́ sí i.